Ẹni Tó Kọ Ewì Ìdì Aṣọ Mẹ́ta

Ariwo ọmọbìnrin kan ló jí owú tó ti sùn nínú mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ló ti ń pariwo "Action!" ní àgbàlá ilé kejì sí tiwa ní Trans-Nkisi, ní Onitsha níbí, tí ẹlòmíràn á dáhùn "Cut!", tí gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ Igbo ni, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin, ó sì so fóònù mọ́ orí igi kan tó gbé lé èjìká.

"Mama, good morning ma. Biko, make una help us off gen small. E dey enter our sound."

Mo fi Igbo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe. Inú rẹ̀ dùn pé mo gbọ́ èdè wọn, ló bá tú àlàyé sílẹ̀: fíìmù kékeré ni, ìdánwò yunifásítì ni, inú ewì kan ni àwọn ti yọ ọ́. Mo ní, ewì ta ni? Ọmọ náà kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó dáhùn. Ó fi ọwọ́ gbá àyà rẹ̀.

"Na me write am, Mama. My name go show first."

Mo pa jẹnẹrétọ̀. Mo padà wá jókòó sínú ooru, mo sì ń jowú ọmọ tí mo tó bí ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó ka èyí, ẹ má ní kí n tijú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú ìtìjú rẹ̀. Èmi náà ti wà nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí, ní Onitsha yìí kan náà, nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ewì ni a fi ṣe tiwa náà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, nítorí pé ẹni tó máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kò sọ ọ́ tán rí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá wa ti wá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Main Market, inú àgbàlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń gbé. Bí ẹ bá wọlé wa nígbà náà, òórùn sítáàṣì aṣọ tuntun ni yóò kọ́kọ́ kí yín, kí èèyàn tó kí yín. Ní òwúrọ̀, bí àwọn bàbá wa bá ti kírun tán, ẹ ó gbọ́ ohùn Mama Nkiru lẹ́yìn ògiri, ìyá Igbo tó ń gbé ilé kejì, tí yóò máa bá ewúrẹ́ rẹ̀ jà bí ẹni ń bá orogún jà. Bí àgbàdo bá dé, ó máa ń yan án pẹ̀lú ube, èso aláwọ̀ ewé dúdú tí à ń jẹ tẹ̀ lé e, yóò sì na tiwa sí wa lórí ògiri. Lẹ́nu rẹ̀ ni a ti kọ́ Igbo. Lẹ́nu wa lòun náà ti kọ́ Yorùbá, pàápàá èébú.

Ràṣídátù ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bí. Ó fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin jù mí lọ, mo sì ń pè é ní Àǹtí Ràṣí. Ogun ti dá ìwé gbogbo wa dúró, nítorí náà nígbà tí a padà sí Onitsha lẹ́yìn ogun, kíláàsì kan náà ni wọ́n fi wá sí. Èyí pa àwọn ọmọ Igbo lẹ́rìn-ín púpọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i ní àárọ̀, Ngozi tó jókòó sẹ́yìn wa á ní, "Your Aunty don come, the one wey fail arithmetic with you!" Orúkọ ni wọ́n máa ń pe ara wọn láàárín ara wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níwájú àlejò, ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fún wa ní ẹ̀pà, ẹ̀gbọ́n ló ń gbà á. Àbúrò á dúró lẹ́yìn, á máa wo ilẹ̀, títí ẹ̀gbọ́n yóò fi yíjú padà pín tirẹ̀ fún un. Kí n má parọ́, Àǹtí Ràṣí kò jẹ ẹ̀pà mi rí. Ó máa ń ka á lẹ́yọ lẹ́yọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró dè é nígbà tí ohun tó ju ẹ̀pà lọ délẹ̀.

Tíṣà wa, Mísì Ifeoma, ọ̀dọ́bìnrin arẹwà tí kì í rìn bí kò ṣe pé ó ń sáré, ní ẹ̀gbọ́n kan lókè òkun tó fi kámẹ́rà kékeré ránṣẹ́ sí i. Ìdì fíìmù kan kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sì ní ohùn nínú. Mísì ní kí olúkúlùkù lọ kọ ewì wá lásìkò ìsinmi, òun ó mú èyí tó dára jù, òun ó fi ya fíìmù, a ó sì gbé e hàn níwájú àwọn òbí.

Mo kọ tèmi nípa ìdì aṣọ mẹ́ta. Nígbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn bàbá wa ń kó wa sá kọjá Odò Ọya lọ sí ìlú wa, wọ́n gbé ìdì aṣọ mẹ́ta fún Mama Nkiru pé kó bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ogun lọ, ogun bọ̀. Ọkọ Mama Nkiru kú, ọmọ rẹ̀ kan kú, ìyàn sọ òun fúnra rẹ̀ di igi gbígbẹ. Nígbà tí a dé, ó wọ yàrá, ó wọ́ ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Okùn tí bàbá mi fi dì wọ́n ṣì wà bó ṣe dì í. Àpò ìrẹsì làwọn ọmọ obìnrin yìí ń fi bora ní gbogbo àkókò yẹn. Ohun tí mo kọ nìyẹn:

Ìdì aṣọ mẹ́ta sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
Òtútù ń na ọmọ tó sùn lórí rẹ̀,
Ìyá na ọwọ́, ìyá ká ọwọ́ padà,
Ó ní aṣọ àlejò ni, àlejò ń bọ̀.

Ó gùn ju báyìí lọ. Èdè Yorùbá ni mo fi rò ó kí n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún tíṣà. Àǹtí Ràṣí ni mo kọ́kọ́ fi hàn, bí mo ti ń fi ohun gbogbo hàn án. Ó kà á, ó ń jẹ ìdí bíírò. Ó ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì parí." Ló bá kọ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀:

Kókó tí bàbá wa ta, ogun kò rí i tú.

Mo rántí pé inú bí mi díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìlà náà dára jù.

A fi taìpúráítà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà sí Èkó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku orúkọ, orúkọ ilé wa ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀, bí àwọn bàbá wa ti máa ń kọ ọ́ sára ìdì aṣọ. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí nǹkan. Àǹtí Ràṣí ló gbé e lọ fún Mísì pẹ̀lú tirẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Nípa òjò ni tirẹ̀, òjò náà kò sì rọ̀ dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Mísì wá sílé wa láti gba àyè lọ́wọ́ àwọn òbí. Èmi àti Àǹtí Ràṣí kúnlẹ̀ kí i. Àwọn bàbá wa wà níjòókòó, ìyá mi gbé omi tútù wá. Mísì yọ ìwé náà jáde nínú báàgì, ojú rẹ̀ ń dán. Ó fi Igbo bi wá pé, "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló kọ eléyìí?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ń dúró kí Àǹtí Ràṣí sọ pé, àbúrò mi ni.

Àǹtí Ràṣí ní, "Àwa ni, Mísì."

Mísì kò dúró gbọ́ òmíràn. Ẹni tó lanu lójú tirẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́. Ó fa Ràṣí dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ pé ọgbọ́n wà lórí ọmọ yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní alihamudulilahi. Mo ṣì wà lórí eékún mi. Mo gbé ojú sókè wo Àǹtí Ràṣí, mo rí i tó wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu rẹ̀ mì bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín sí Mísì.

Mo lọ bá ìyá mi nídìí ààrò. "Ìyá, èmi ni mo kọ ewì yẹn."

Ìyá mi kò gbé ojú kúrò lára ìkòkò. "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ya odi ni? Á sọ ọ́."

"Kò sọ ọ́, Ìyá. Ẹ ṣáà wà níbẹ̀."

"Á sọ ọ́, mo ní! Àbí o fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ níwájú àlejò? Kí wọ́n lè sọ pé a ti di ará ibí tán?"

Ìyá mi ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo fi èyí náà sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló pa mí lẹ́nu mọ́.

A ya fíìmù náà ní ọjọ́ mẹ́rin. Mísì fẹ́ kí Mama Nkiru ṣe ara rẹ̀, ló bá ní kó wá pẹ̀lú aṣọ àkísà. Mama Nkiru wá pẹ̀lú ìró jọ́ọ̀jì tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó kun àtíkè sójú. Mísì bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ní, "Mba. Ogun ti parí. N kì í wọ àkísà mọ́." Báyìí ni ipa náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Àǹtí Ràṣí. Òun ni ìyá tó ń na ọwọ́ sí ìdì aṣọ tó sì ń ká a padà. Òun ló gbé ìdì lérí rìn la Main Market kọjá, tí àwọn tó ń ti bárò fi sá tẹ̀ lé e tí wọ́n ń pariwo, "Madam, snap me too now! My face no fine?" tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, eyín àwọn alábárò ni.

Èmi ńkọ́? Èmi ni mo di páànù mú. Mísì ra páànù tuntun kan ní Ogidi, òun la fi ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ojú Àǹtí Ràṣí kó lè hàn dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi dúró nínú oòrùn, tí páànù ń jó mi níka, tí mo ń da ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹni tó gba ewì mi. Bí mo bá mì díẹ̀, Mísì á ní, "Ojú rẹ̀! Ojú rẹ̀ ni kó o tàn án sí!" Láàárín ìdì fíìmù kan sí ìkejì, mo ń retí pé yóò sọ ọ́. Ó ń bu omi fún mi mu. Ó fi òrí pa ìka mi. Kò sọ ọ́.

Ó tún wá ku pátákó orúkọ. Torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló dára jù ní kíláàsì, èmi ni Mísì ní kí n fi ọ̀dà kọ ọ́, kó lè yà á sí iwájú fíìmù. Mo kọ "Ìdì Aṣọ Mẹ́ta". Mo kọ "Ewì láti ọwọ́", mo sì dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Àǹtí Ràṣí dúró lẹ́yìn èjìká mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ọ̀dà ń kán sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Kọ ọ́ kó tóbi díẹ̀, àbúrò mi."

Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ kó tóbi.

Nítorí pé fíìmù náà kò ní ohùn, ẹnìkan ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa ka ewì bí àwòrán bá ń lọ. Ta ni yóò tún kà á bí kò ṣe ẹni tó "kọ ọ́"? Inú gbọ̀ngàn máa ṣókùnkùn, nítorí náà ó bẹ̀ mí pé kí n fi lẹ́tà ńláńlá ṣe àdàkọ rẹ̀ fún òun. Mo ṣe é. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, dáadáa, láìsí àbàwọ́n. Ìlà tirẹ̀ nìkan ni mo yọ. Mo fẹ́ kó dé ibẹ̀ níwájú gbogbo ayé kó rí òfìfo, kó mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn bí wọ́n bá yọ tirẹ̀ kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e hàn. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, wọ́n ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sára ògiri. Mama Nkiru jókòó síwájú pẹ̀lú jọ́ọ̀jì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké kírikíri, Àǹtí Ràṣí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, ìwé mi lọ́wọ́ kejì. Ọwọ́ ìyá ń tọ́ okùn ìdì aṣọ lára ògiri nígbà tó dé ibi òfìfo. Ó yí ìwé padà. Kò sí nǹkan lẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí tààrà níbi tí mo dúró sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì yé e. Mo rí i pé ó yé e. Ó wá pa tọ́ọ̀ṣì. Láti orí rẹ̀, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ní Yorùbá tó fi kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó ní:

"Kókó tí bàbá wa ta, ogun kò rí i tú."

Nínú gbogbo àwọn Igbo tó wà níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ju ẹyọ kan lọ. Mama Nkiru bú sẹ́kún, ó gbé apá méjèèjì lérí, ó ń pe ọkọ rẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀ tó kú, gbogbo èèyàn sì dìde. Bí mo bá ti kọ ìlà yẹn síbẹ̀ ni, Gẹ̀ẹ́sì lásán ni ì bá jẹ́, ì bá sì kọjá lọ. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé adé lé e lórí.

A padà sílé. Ó ń dúró, mo mọ̀, kí n wá kúnlẹ̀ bẹ òun, torí àbúrò ló ń bẹ̀. Èmi náà ń dúró kí ó sọ̀rọ̀, torí ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilé tó ní ẹ̀kọ́ ni a ti wá, àwa méjèèjì. A fi ẹ̀kọ́ náà jẹ ara wa níyà. Nígbà tó lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bá a gbé ẹrù. Nígbà tí mo bímọ, ó fi aṣọ ránṣẹ́. A ń kí ara wa ní ọdọọdún. Mo di tíṣà, mo kọ́ àìmọye ọmọ, n kò sì kọ ewì kankan mọ́.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló wá kí mi níbí, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn ọmọ mi yí i ká, ló bá ń sọ ìtàn fíìmù fún wọn: eyín àwọn alábárò, páànù, jọ́ọ̀jì Mama Nkiru. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àkọ́bí mi ní, "Ewì ta ni, Àǹtí?" Àǹtí Ràṣí wò mí, ó ní, "Ewì kan tí a kọ ni." Ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹun. Ọbẹ̀ ń tutù."

Èmi ni mo sìn ín dé ìta. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú kẹ̀kẹ́ kó tó di ọwọ́ mi mú. "Ìlà tó o yọ lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "kí ló dé tó o yọ ọ́?"

"Torí pé tiyín ni, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín tó fi wúkọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. "Ó dáa. Tìẹ ni ìyókù. Ṣé o gbọ́? Tìẹ ni gbogbo ìyókù."

Ó ti sú oníkẹ̀kẹ́, bàbá kan tó ti hewú. "Mama dem, una never finish? Sun dey."

Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà ọmọdé nìyẹn. Ẹ̀bá títì ló ti sọ ọ́, níwájú ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ ìwé pẹlẹbẹ tó rẹwà, fọ́tò rẹ̀ wà níwájú, ewì náà wà lẹ́yìn, odindi, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ rántí ewì Màmá wa?" Mo ní mo rántí. Ta ni yóò bá òkú du nǹkan láàárín àwọn ọmọ rẹ̀?

Àgbàlá wa ti di ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ti ń ta fóònù. Fíìmù náà bá Mísì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn ọmọ òde òní ń gbá àyà wọn sọ orúkọ wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, kódà bó bá tilẹ̀ ń ta mí lára. Gbogbo àwọn tí mo ń dúró dè kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti lọ. Èmi ni àgbà báyìí, mo sì ti sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ ewì ìdì aṣọ mẹ́ta láti òkè dé ilẹ̀, àfi ìlà kan. Àǹtí Ràṣí ló ni ìyẹn, ìlà náà nìkan ni wọ́n sì ń rántí nínú ewì náà. N kò jowú orúkọ mọ́. Ìlà yẹn ni mo ń jowú rẹ̀ títí di òní.